Láti Ìkọ̀lé Dé Orí Pákó Kan

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo jáde nílé ní Ìkọ̀lé. Mo gbé báàgì kan kọ́ apá: aṣọ ìwẹ̀ tó bo èèyàn dé orúnkún, táwẹ̀lì, búrẹ́dì, àti ìgò omi kan, bí ẹni pé ibi tí mò ń lọ ò lómi. Mi ò tíì dé títì tí mo fi fi ẹsẹ̀ òsì kọ etí gọ́tà. Mo dúró gbagidi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ẹsẹ̀ ire mi. Bí mo bá ti fi òsì kọ pẹ́nrẹ́n, nǹkan ọjọ́ yẹn ò ní í dán mọ́rán. Bí ìyá bàbá mi ṣe kọ́ mi láti kékeré nìyẹn, mi ò sì rí ìgbà tó parọ́. Ọjọ́ tí mo fi òsì kọ nígbà tí mò ń lọ ṣe ìdánwò ìwakọ̀, ògiri ni mo forí ọkọ̀ sọ. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn ni, ǹ bá ti padà lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà rèé. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí nílé ìwé girama kan nílùú wa. Lẹ́yìn Ìdó, adágún ńlá kan wà tí ìjọba sé odò fún. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ agbègbè náà, tó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ńjíníà títí tó fi hewú nílẹ̀ òkèèrè, gbé ọkọ̀ ojú omi kan bọ̀ wálé. Ó ń fi í kọ́ èèyàn ní eré kan: kí o dúró lórí pákó, kí o di okùn mú, kí ọkọ̀ máa fà ọ́ sáré lórí omi. Ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Méje nínú àwọn ọmọ mi, tí gbogbo wọn mọ odò wẹ̀ dáadáa, ò jẹ́ kí n sinmi mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́. Mẹ́ta nínú wọn ń parí ilé ìwé lọ́dún yìí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Màmá Ọ̀gá, bí a ṣe ń pe ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa. Obìnrin náà ò mọ̀ pé èèyàn ń bẹ̀rù òun, tàbí kó mọ̀, kó máa gbádùn ẹ̀.

Ó bi mí pé, "Pákó mélòó làwọn ọmọ yìí fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró lé?"

Mo ní, "Ọ̀kan ni, mà."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Mélòó lo lè dúró lé?"

Mo ní méjì. Òótọ́ ni. Mo ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà ìsinmi, mo sì ti dúró lórí pákó méjì, ẹsẹ̀ kan lórí ọ̀kan, ẹsẹ̀ kejì lórí èkejì.

Ó ní, "Lọ dúró lórí ọ̀kan. Mi ò ní í fa ọmọ ọlọ́mọ lé ẹni tó mọ ààbọ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ Ajé ni mò ń kọ̀wé sáwọn òbí. Bí o bá ti dúró kó tó dìgbà náà, màá ní kí wọ́n yọ̀ǹda ọmọ wọn. Bí o ò bá dúró, má bá mi sọ ọ̀rọ̀ omi mọ́ lọ́dún yìí."

Ìdí rèé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sórí gọ́tà yẹn, tí mo fi ọwọ́ pa ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì mi, tí mo sì ń lọ.

Bọ̀dá Dàpọ̀ awakọ̀ ló gbé mi. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé, Ìkọ̀lé sí Ìdó ló sì ń ná lójoojúmọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ náírà ni owó ọkọ̀ báyìí. Ẹ má bi mí iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí inú má baà bí wa. Mo jókòó níwájú, mo sì rò fún un pé mo fẹsẹ̀ kọ.

"Òsì àbí ọ̀tún?"

"Òsì."

Ó mú ẹnu rọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tó yá ló ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ wa o." Kò fi ọkàn mi balẹ̀ rárá.

A kọjá Ìtàpá nígbà tí ilẹ̀ ń là. Kùrukùru bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè, àwọn àgbẹ̀ ti gun ọ̀kadà lọ sóko, wọ́n so àdá mọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀nà dára láti ibẹ̀ dé Ìlúpéjú, àyàfi ibi méjì tí kòtò ti jẹ títì tán, tí Bọ̀dá Dàpọ̀ sì ń kí àwọn kòtò náà lóríkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Ọ̀yẹ́ la ti gbé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì. Ọ̀kan nínú wọn wá láti ìlà oòrùn, kò sì ju ọdún méjì lọ tó ti ń kọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó kí wa délẹ̀délẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ìrìn." Ó bi mí ibi tí mò ń lọ. Mo sọ fún un. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin, mà? Lórí omi?" Mo ní èmi ni. Ọmọ náà kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Ìfàkì.

Aago méje la wọ Ìdó. Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀. Nítorí pé kò sí ọkọ̀ tó ń ná ìhà adágún, mo ní kí Bọ̀dá Dàpọ̀ gbé mi dé ibẹ̀ ní dúróòpù, kó dúró dè mí, kó sì gbé mi padà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kọ́kọ́ pè é. Mo ní ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ dà. A parí rẹ̀ sí mẹ́wàá, nítorí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, òun náà fẹ́ fojú ara òun rí bí ará Ìkọ̀lé ṣe ń rìn lórí omi. Láti ibẹ̀, ọ̀nà di erùpẹ̀ pupa. Oko iṣu lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ lósì, kòkó díẹ̀díẹ̀ láàárín. Lójijì ni a yọ sí i. Omi lọ salalu. Àwọn igi tó ti kú sínú omi náà ṣì yọrí lápá etí, àwọn apẹja méjì wà nínú ọkọ̀ wọn lọ́hùn-ún, òkè sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Bọ̀dá Dàpọ̀ pa ínjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, ó ní, "Kí a máa gbé Èkìtì, ká má mọ̀ pé irú èyí ń bẹ!"

Ẹ̀ńjíníà ti ń retí wa. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ ò sì le rí. Ó fi pákó náà hàn mí. Gígùn rẹ̀ dé àgbọ̀n mi, ó fẹ̀ díẹ̀ láàárín, ó sì tẹ̀ sókè níwájú bíi ahọ́n ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Bàtà rọ́bà méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀kan wà níwájú, ìkejì wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Sìlálọ́mù ni àwọn òyìnbó ń pe eré náà: lórí pákó kan ṣoṣo yìí lèèyàn á ti máa yà sọ́tùn-ún, tí á máa yà sósì, tí á máa yí àwọn bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n so léfòó lójú omi po. Ẹ̀ńjíníà ti so mẹ́ta sílẹ̀. Wọ́n ń jó jẹ́jẹ́ lójú omi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn wọ́n.

Ó ní, "Tísà, ẹ dìde dúró, ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ dijú."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àfi gbì! Ó tì mí lẹ́yìn. Mo sáré gbé ẹsẹ̀ kan síwájú kí n má baà ṣubú. Mo lajú. Ẹsẹ̀ òsì ni.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò tán? Ara ti sọ tirẹ̀. Òsì ló máa wà nínú bàtà iwájú."

Mo ní, "Rárá o. Ọ̀tún ni."

"Kí ló dé?"

"Òsì mi ò dára, sà. Mo tún fi kọ láàárọ̀ yìí."

Bọ̀dá Dàpọ̀ mi orí bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Ẹ̀ńjíníà wo èmi, ó wo Bọ̀dá Dàpọ̀, ó sì mọ̀ pé nínú gbogbo ọdún tí òun lò nílẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ire àti ẹsẹ̀ ibi ò kúrò nílẹ̀ Èkìtì. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ẹ fi ọ̀tún síwájú nígbà náà, ká wò ó."

Òfin ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ tí yóò máa wo ẹ̀yìn, nítorí pé iwájú ni awakọ̀ ń wò. Bọ̀dá Dàpọ̀ la fi síbẹ̀. Kò mọ odò wẹ̀, nítorí náà jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó méjì ló wọ̀ léra wọn, ó wá sanra gbàǹgbà lójijì. Mo fún un ní fóònù mi, mo ní, "Bí mo bá ti dúró, ẹ yà mí ní fídíò. Màmá Ọ̀gá ò ní í gba ọ̀rọ̀ ẹnu."

Mo bọ́ sómi. Ó tutù dé eegun. Ẹ̀ńjíníà ní kí n ká orúnkún mọ́ àyà bí ẹni tó lóṣòó, kí n jẹ́ kí orí pákó yọ lójú omi, kí n na apá méjèèjì gbọnrangandan, kí n má ṣe nǹkan kan. Ó tẹnu mọ́ ọn pé, "Ẹ má fa okùn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sọ fún mi, ta ni wọ́n máa ń fa okùn mọ́ lọ́wọ́ ní Èkìtì tí kò ní í fà á padà? Bí ọkọ̀ ṣe hó, tí okùn le dan-in, inú ló bí mi. Mo tẹ apá, mo fà á bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ olórí kunkun kúrò nínú oko iṣu. Mo ṣubú síwájú sómi, omi gba imú mi wọlé, ó sì gba ẹnu jáde.

Ẹ̀ńjíníà yí ọkọ̀ padà wá bá mi. Ó ní, "Tísà, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà." Nígbà kejì, n ò fa okùn mọ́. Mo dìde, àní mo dìde! Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń nàró, pákó náà yà bàrà sápá òsì, ó gbọ̀n mí dànù. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo tilẹ̀ ṣubú kí n tó dìde, bí ìyẹn bá lè yé yín. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo nàró tán pátápátá, mo rí Bọ̀dá Dàpọ̀ tó na fóònù sókè, mo ní ó ti bọ́ sí i. Pákó tún yà. Mo fi ẹ̀gbẹ́ na omi, ó dún bí ẹni tó gbá èèyàn létí.

Wọ́n fà mí sínú ọkọ̀. A lọ sí etí omi. Ọwọ́ mi ti léròrò nídìí ìka mẹ́rin, méjì ti bẹ́. Eyín mi ń gbá ara wọn. Ẹ̀ńjíníà ṣí àgbá epo, ó yọjú wò ó, ó ní epo tó kù lè fà mí lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì tún gbé ọkọ̀ padà sí àyè rẹ̀. Mo ro àwọn ọmọ mi. Mo ro àwọn mẹ́ta tó ń parí, tí wọ́n ti ń ka ọjọ́ lórí pátákó. Màá wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, màá ní kí ni? Ẹkún gbọ̀n mí. N ò fi bò. Mo sunkún níwájú ọkùnrin méjèèjì.

Mo ní, "Mo ti sọ fún yín, Bọ̀dá Dàpọ̀. Ẹsẹ̀ òsì tí mo fi kọ yẹn ni."

Bọ̀dá Dàpọ̀ ń bọ́ jákẹ́ẹ̀tì kejì, ó há mọ́ ọn lọ́rùn. Láti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti dáhùn: "Tísà, ẹ má bínú o. Èmi náà gbà pé òsì yín ò dára. Ṣùgbọ́n òsì náà ò tíì ṣe nǹkan kan láti àárọ̀. Ẹ ò jẹ́ kó ṣe é. Ọ̀tún tí ẹ ní ó dára ló ń da yín sómi láti bí wákàtí méjì."

Mo wò ó. Ẹ̀ńjíníà kọjú sí òkè lọ́hùn-ún kí n má rí i pé ẹ̀rín ń pa á. Inú bí mi, tòótọ́ tòótọ́ ló bí mi. Tó bá ṣe pé ìyá bàbá mi wà níbẹ̀, n ò mọ ohun tí òun náà ì bá sọ. Mo fa pákó náà sọ́dọ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Mo ki ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà iwájú. Mo ní, ẹsẹ̀ yìí, bí o bá dójú tì mí lónìí, èmi àti ẹ á jọ dé ilé. Mo lóṣòó sínú omi. Mo na apá. Ọkọ̀ hó. Omi rọ́ lu àyà mi, ó ń tì mí, ó ń tì mí, mo ní n ò ní í fa okùn, n ò ní í fa okùn. Lójijì ni omi kò tì mí mọ́. Ó ti wà lábẹ́ mi.

Mo nàró. Omi tó rọ̀ ní àárọ̀ wá le lábẹ́ pákó bíi títì ọlọ́dà. Pákó náà ò yà síbì kankan. Ó ń dún ṣaa, ṣaa, ṣaa, afẹ́fẹ́ ń ká ojú mi sẹ́yìn, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo, n ò mọ̀ pé èmi ni. Mo gbé ara sápá ọ̀tún díẹ̀, pákó náà gbọ́. Mo gun orí ìgbì tí ọkọ̀ ń dá sílẹ̀, mo bọ́ sí òdìkejì, mo sì yí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ po! Èkejì, mo kọjá lára rẹ̀ ni, mi ò yí i, kí n má purọ́. Ẹ̀kẹta ni mo ń wò nígbà tí apá mi kọ̀ jálẹ̀, mo fi okùn sílẹ̀, mo sì rì jẹ́jẹ́ sínú omi bí àgbàlagbà tó jókòó sórí àga rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju kí èèyàn ka Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀mejì lọ. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wo ojú ọ̀run, mo ń rẹ́rìn-ín bí wèrè.

"Ó ti dúró o!" Bọ̀dá Dàpọ̀ ń fò nínú ọkọ̀. "Ẹ gbà mí o, Tísà ti dúró o!" Ẹ̀ńjíníà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó kó má dojú ọkọ̀ dé.

Nígbà tí a fi padà dé Ìdó, ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. A yà sí ilé oúnjẹ kan. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran ìgalà, ẹgbẹ̀rún méjì náírà àwo kan, iyán náà funfun, ó sì ń fà bó ṣe yẹ. Mo wẹwọ́, mo bu òkèlè kìíní, mo kì í bọ ọbẹ̀. Yéè! Ata wọ inú èròrò ọwọ́ mi. Mo fò dìde. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n béèrè fọ́ọ̀kì lọ. Ará Ìkọ̀lé, tó ń fi fọ́ọ̀kì jẹ iyán ní gbangba Ìdó! Obìnrin tó ń ta oúnjẹ náà rọra bi Bọ̀dá Dàpọ̀ pé, "Ṣé ibi tó jìnnà ni wọ́n ti wá ni?" Ó dá a lóhùn pé, "Ó jìnnà o. Orí omi ni." Obìnrin náà sì fún mi ní ẹran kan sí i.

Nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń bọ̀ láti Ọ̀yẹ́, mo ń ronú. N ò ní í purọ́ fún yín pé mo ti kọ ẹsẹ̀ ire àti ẹsẹ̀ ibi sílẹ̀. Bí mo bá tún fi òsì kọ lọ́la, màá tún dúró. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé èèyàn lè fi ọdún méjìdínlógójì rin ayé kó má mọ èyí tó lágbára jù nínú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, nítorí pé kò jẹ́ kó síwájú rí. Mo sì ní àwọn ọmọ kan nílé ìwé, tí wọ́n máa ń jókòó sí ẹ̀yìn.

Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù nígbà tí a wọ Ìkọ̀lé. N ò tíì yà sílé tí mo fi ní kí Bọ̀dá Dàpọ̀ gbé mi lọ sílé Màmá Ọ̀gá. Ó jókòó síwájú ulé rẹ̀, bí àwa ti ń pe ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n dìde tán.

"O dúró?"

"Mo dúró, mà."

"Jẹ́ kí n rí i."

Mo ṣí fídíò náà fún un, èmi fúnra mi ò tíì wò ó. Ojú ọ̀run ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, orúnkún Bọ̀dá Dàpọ̀. Lẹ́yìn náà, ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ojú ọ̀run padà, àti ariwo "Ó ti dúró o! Ó ti dúró o!" Ó parí síbẹ̀.

Màmá Ọ̀gá ní, "Ìwọ dà níbẹ̀?"

"Mo wà lẹ́yìn, mà."

Bọ̀dá Dàpọ̀ dọ̀bálẹ̀. "Mo fi Ọlọ́run búra, mà, mo fojú ara mi rí i. Ayọ̀ ló gbọ̀n mí lọ́wọ́."

"Ẹlẹ́rìí tó ń gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀!" Màmá Ọ̀gá gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ padà. Bí mo ṣe fẹ́ gbà á ni mo kérora, nítorí pé ó kan èròrò. Ó wò mí. Ó ní, "Mú ọwọ́ rẹ wá."

Mo na méjèèjì sí i. Ó yí wọn síhìn-ín, ó yí wọn sọ́hùn-ún. Ọmọ àgbẹ̀ ní Ìrèlé ni Màmá Ọ̀gá, ọkọ́ ló fi sanwó ilé ìwé ara rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, mo pariwo. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí ìró, ó dìde, ó wọlé. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Bọ̀dá Dàpọ̀ náà ò lè wo ojú mi.

Ó padà jáde pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ó jókòó, ó tẹ́ ìwé náà sórí itan.

"Àwọn ọmọ náà, mélòó lo pè wọ́n?"

"Méje ni, mà."

Ó gbé ojú sókè. Ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò pé mẹ́wàá?"